Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ ká máa jẹ oúnjẹ tí ò ní oògùn apakòkòrò lára, ṣùgbọ́n owó ò sí

Ìyá Mofẹ́:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìbàdàn la wà, apá Ọ̀jọ́ọ̀, èmi, bàbá wọn, ọmọ méjì àti màmá mi tó wá ń bá wa gbé. Látìgbà tí Màámi ti dé ni wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀wà tí mò ń sè ń rùn, mo ní ẹ̀wà wo ló ń rùn, àgbà ló ń dà wọ́n láàmú, àfi lọ́jọ́ tí mo da omi gbígbóná sí i tí ooru ẹ̀ kọlù mí nímú, bí oògùn aáyán gẹ́lẹ́! Kóńgò mẹ́ta ni mo dà nù lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mí dọ́kàn.

Àtìgbà náà ni mo ti ní ọ́gánííkì la ó máa jẹ, ìyẹn oúnjẹ tí wọ́n gbìn láìlo oògùn. Mo wọ súpámákẹ́ẹ̀tì kan, mo rí ìrẹsì tí wọ́n kọ ọ́gánííkì sí lára, mo wo iye ẹ̀, mo rọra dá a padà bí ẹni tí ò fọwọ́ kàn án rí. ₦120,000 ni owó oúnjẹ wa lóṣù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbo ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, èwo ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n lọ ra ilẹ̀ o, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, báákónì wa ò gbà ju àga méjì lọ.

Ọmọ Ìgbẹ́mọ:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òyìnbó gba owó yín jàre. Kí ló ń jẹ́ ọ́gánííkì? Gbogbo oúnjẹ ilẹ̀ wa ni. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, iṣu, ilẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá. Ẹ pa ìrẹsì òkèèrè tì, kẹ́ ẹ máa jẹ ọ̀fadà àbí ìrẹsì Ìgbẹ́mọ wa ní Èkìtì, ó tán.

Àgbẹ̀ Àkùrọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́ ni mò ń gbìn, mo ti ń gbìn ín lọ́dún mọ́kànlá báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ níbí torí kò sẹ́ni tó mọ ojú mi. A máa ń fín oògùn sí i. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ilá, gbogbo ẹ̀ la ń fín. Ara ìgò ló ti kọ ọ́ pé kéèyàn dúró iye ọjọ́ kan kó tó kórè, ṣùgbọ́n tí alájàpá bá dé lónìí tó ní owó lọ́wọ́, tí ọmọ ẹni sì ń retí owó ilé-ìwé, ta ni yóò ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Àti pé ẹ̀yin oníbàárà náà lẹ kọ́ wa. Bí mo bá gbé ẹ̀fọ́ tí kòkòrò ti jẹ ihò sí jáde, ẹ ó kọjá lára ẹ̀, ẹ ó ní kò dáa, ti ẹnìkejì mi tó ń dán gbinrin lẹ ó rà. Ìyá Mofẹ́, ẹ̀fọ́ tó ní ihò díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa rà, ẹ tún lè ná an, owó ẹ̀ á wálẹ̀.

Ohun kan tó tún kù ni omi. Lásìkò ẹ̀rùn, ẹ béèrè omi tí wọ́n ń bu rin ẹ̀fọ́ náà. Ti odò tàbí kànga ò burú. Àmọ́ láàárín ìgboro yìí, gọ́tà ni àwọn mìíràn ń pọn, ẹ̀fọ́ ọ̀hún á sì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ̀fọ́ ìtòsí kọ́ ni ẹ̀fọ́ tó mọ́.

Ọmọ Ìgbẹ́mọ:
Háà. Ẹ ti ba ti ẹ̀fọ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí o.

Alájàpá Bódìjà:
Ìyá Mofẹ́, ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ẹ sọ ti ẹ̀wà torí òun ni mò ń tà. Ìwọ náà rò ó wò. Ẹ̀wà tó ti lo oṣù mẹ́jọ nínú àpò tí kòkòrò kan ṣoṣo ò sí nínú ẹ̀, tí ihò ò sí lára ẹ̀, kí ló lé kòkòrò yẹn? Tó o bá rí ẹ̀wà tí kòkòrò ń rìn lára ẹ̀ díẹ̀, má sá fún un, gbọn ọ́n, ṣà á, sè é. Kí o sì máa rà á nígbà tó jáde. Ìparí ọdún ni ẹ̀wà tuntun ń wọlé láti òkè Ọya, ìgbà yẹn wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í da nǹkan sí i, owó ẹ̀ náà sì máa ń wálẹ̀. Ẹ dáwó jọ lẹ́ni mẹ́ta mẹ́rin, ẹ ra odidi àpò, ẹ pín in. Òkúta wà nínú ẹ̀ o, ẹ máa ṣà á dáadáa.

Tó o bá gbé tìẹ dé ilé, wá kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ dáadáa, rọ ẹ̀wà kún un dé ẹnu, má jẹ́ kí àyè ṣẹ́ kù, kí o dé e pa. Tí kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ bá ti fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò kú. Èmi, àpò onípele mẹ́ta yẹn ni mo ń lò, ọ̀rá méjì nínú, àpò kan níta, èèyàn á so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ra, oògùn ò sí níbẹ̀ rárá. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ ṣùgbọ́n tí kò bá ti lu, wàá tún un lò lọ́dún tó ń bọ̀.

Tíṣà Agíríkì:
Màmá ti sọ ọ́ tán. Kí n kàn fi kún un pé oògùn tí wọ́n ń pè ní dichlorvos ni wọ́n ń dà sí ẹ̀wà, òun náà ni wọ́n fi ń pa aáyán nínú ilé, imú Màámi ò parọ́. Torí ẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù ṣe dá ẹ̀wà wa padà lọ́dún 2015: 0.01 míligíráàmù nínú kílò kan ni wọ́n gbà láyè, èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà Nàìjíríà dé 4.6 nígbà mìíràn. Àwa náà là ń jẹ èyí tó kù nílé.

Nọ́ọ̀sì Tópẹ́:
Ẹ má gbàgbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ o. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ kábáàdì ni wọ́n fi ń pọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀, NAFDAC ti kìlọ̀ ẹ̀ títí, torí májèlé arsenic lè wà nínú ẹ̀. Tí gbogbo ara ẹ̀ bá pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìdí ẹ̀ ṣì dúdú tàbí tutù, ẹ fura. Èmi o, dúdú ni mo ń rà á, ó tún ń dínwó, màá fi ọ̀kan tó ti pọ́n sáàárín wọn nínú àpò bébà, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èyí tó pọ́n ló ń pọ́n àwọn yòókù. Ẹ fún un ní bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Olóko Báákónì:
Àǹtí mi, àga kan péré ni kẹ́ ẹ gbé kúrò ní báákónì yẹn. Àpò ìrẹsì mẹ́rin ti tó. Ẹ lọ sí NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ẹ̀fọ́ àti èso, ní Ìdí-Ìṣìn, wọ́n ń ta irúgbìn níbẹ̀, ẹ ra tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Tẹ̀tẹ̀ ò gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ tẹ́ ẹ ó fi máa já a. Gbúre àti ewúro ò sì nílò irúgbìn rárá, igi tẹ́ ẹ bá já ewé lára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gún mọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ ni ajílẹ̀ tó dáa jù, ṣùgbọ́n kó ti pẹ́ o, kó ti gbẹ kó má rùn mọ́. Tútù ni mo kó ti àkọ́kọ́ tèmi, gbogbo ẹ̀fọ́ jó láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Tí kòkòrò bá dé, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fín in nírọ̀lẹ́.

Ìyá Mofẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí Màámi létí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ṣé mo rí i pé ẹ̀wà ń rùn. Wọ́n tún ní kí n bi Àgbẹ̀ Àkùrọ̀ pé ta ló ń fín oògùn sí ẹ̀fọ́ ẹ̀bọ̀lọ̀ àti ẹ̀fọ́ yánrin?

Àgbẹ̀ Àkùrọ̀:
Ẹ bá mi kí Màámi o! Kò sẹ́nìkankan. Fúnra ẹ̀ ló ń hù, ta ló fẹ́ náwó sí i? Àwọn ìyá tó ń já a nínú oko wá sí ọjà abúlé ni kẹ́ ẹ bá, ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, kẹ́ ẹ tètè dé, kò sì wọ́n rárá torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò jẹ ẹ́. Ẹ ṣáà bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti já a, kó má jẹ́ oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn apakoríko sí.

Ìyá Mofẹ́:
Bàbá wọn ní òórùn ẹ̀bọ̀lọ̀ ò ní wọ ilé òun, ìyẹn á yanjú lábẹ́lé 😂. Tó bá ti rí báyìí, ẹ̀wà ni màá kọ́kọ́ pààrọ̀, kí n wá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Ìrẹsì á ṣì wà bó ṣe wà ná. Olóko Báákónì, oòrùn òwúrọ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, bí aago méje sí méjìlá, ṣé ó tó? Ewédú ni àwọn ọmọ fẹ́, mo gbìn ín sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà kan, kò hù.

Olóko Báákónì:
Ó tó. Èpo irúgbìn ewédú ló le, kò ní hù bẹ́ẹ̀. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi gbígbóná, ẹ ka bíi méje tàbí mẹ́jọ, ẹ fà á yọ, ẹ sá a kó gbẹ kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Ẹ má gbàgbé láti lu ìdí àpò kí omi lè jò o, kẹ́ ẹ wá gbé rọ́bà sábẹ́ ẹ̀, torí aṣọ funfun ará ìsàlẹ̀ wa lomi ajílẹ̀ tèmi kán sí lọ́jọ́ Àìkú kan, títí dòní obìnrin yẹn ò dá mi lóhùn.