Bọ́tìnì tí kò sẹ́ni tó lè tẹ̀

Mo ti ka ìtàn tí gbogbo yín kọ síbí tán, nípa ohun tí ẹ ṣe tí àwọn èèyàn ò lò bí ẹ ṣe rò, ó sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, lápá Mayfair. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya ojú áàpù: ibi tí bọ́tìnì máa wà, ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ rí, ọ̀rọ̀ tó máa kà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ kóòdù la jọ bẹ̀rẹ̀ áàpù tó ń so òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ mẹ́ńtọ̀, ìyẹn àgbà tó máa tọ́ wọn sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì la ń ṣe é fún o. Àwọn yẹn ṣì lè béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ojú ò ní tì wọ́n. Ẹni tó ti lo ọdún méjìlá lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn ọmọ ń pè ní ọ̀gá, tí ibi tó wà sì ti sú u, ta ni yóò sọ fún? Wọ́n pọ̀ nílùú yìí: òṣìṣẹ́ yunifásítì, tíṣà, nọ́ọ̀sì, akáúńtáǹtì.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ yà á rèé. Tí o bá ṣí i, wàá rí fọ́tò àwọn àgbà mẹ́rìnlá tí wọ́n gbà láti máa tọ́ni sọ́nà, pẹ̀lú orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan wà: "Ránṣẹ́ sí wọn." Mo fẹ́ràn bó ṣe rí gan-an.

Google wá ní òfin kan. Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì tara rẹ̀ láti máa gbé áàpù jáde lórí Play Store, ọjà áàpù wọn, lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2023 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá àwọn tó máa dán áàpù rẹ̀ wò fún ọjọ́ 14, láìsí pé wọ́n já a sílẹ̀ láàárín, kó tó lè gbé e jáde fún gbogbo ayé. Èèyàn 20 ni wọ́n ń béèrè nígbà tiwa. 12 ni wọ́n dín in kù sí níparí 2024. Inú bí wa nígbà yẹn. Àmọ́ òfin yẹn ló gbé mi kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, nítorí ojúlé dé ojúlé ni mo fi wá àwọn èèyàn náà.

Lọ́jọ́ kan mo wọ mọ́tò, mo gba Òṣú kọjá, ó di Iléṣà, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tí ẹ̀gbọ́n mi júwe fún mi. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni. Ó ń ka orúkọ àwọn àgbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nípò mátírọ́ọ̀nù. Ojú rẹ̀ là. Ó gbé àtàǹpàkò sókè, ó fẹ́ tẹ bọ́tìnì náà, àtàǹpàkò ò sọ̀kalẹ̀. Ó dojú fóònù dé orí itan rẹ̀.

"Àbúrò, ṣé kí n kàn tẹ̀ ẹ́ báyìí ni? Mi ò mà tíì kí wọn. Ta ni kí n sọ pé ó mú mi wá?"

Mo ní, "Àǹtí, tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n á rí i."

Ó ní, "Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn."

Kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọjọ́ 14 pé, a rí i pé àwọn tó ti ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ ń ṣí áàpù náà lójoojúmọ́, wọ́n ń wo fọ́tò, wọ́n á sì tún pa á dé.

Lọ́jọ́ tí mo lọ sí Iléṣà yẹn, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń rò ó nínú mọ́tò nígbà tí mò ń padà. Ta ló ń dá nìkan lọ bá ọ̀gá láàárín wa? Òbí tàbí ẹ̀gbọ́n ló ń fa ọmọ lọ́wọ́ lọ kọ́ṣẹ́. Alárinà ló ń wà láàárín àwọn tó fẹ́ fẹ́ ara wọn. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà pàápàá, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú, ọ̀dọ̀ ẹbí àti ará ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ òwò náà. Èmi wá ní kí àgbàlagbà kanlẹ̀kùn ẹni tí kò mọ̀ rí.

Kí n tó tún un ṣe, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó ṣì ń dùn mí. Ọkùnrin kan nígboyà, ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ kúrò níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ẹni tó ránṣẹ́ sí nìkan ló rí i, áàpù pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn mẹ́ńtọ̀ tó mọ iṣẹ́ náà. Ọ̀gá rẹ̀ wà lára wọn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè é sí ọ́fíìsì. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀. Kò bínú sí mi, ìyẹn gan-an ló mú kí omi bọ́ lójú mi. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé ká má fi ọ̀rọ̀ èèyàn ṣe ohun tó ta ko ìdí tí a fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó ya ohunkóhun.

A yọ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé yẹn kúrò. Ní báyìí, ìbéèrè kan ló ń kọ́kọ́ jáde: "Kí ló ń dùn yín lẹ́nu iṣẹ́?" Ẹ lè kọ ọ́, ẹ sì lè fi voice note sọ ọ́. Èkejì tẹ̀ lé e: "Ta ni ẹ ò fẹ́ kó gbọ́?" Ẹni tí ẹ bá jọ ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà ò lè rí i rárá. Alárinà ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, òun ló máa gbé e lọ bá àgbà, àgbà ló sì máa kọ́kọ́ kí yín. Gbogbo "o" àti "rẹ" tó wà nínú áàpù la sọ di "ẹ" àti "yín." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe ìyẹn nìkan. Alárinà márùn-ún péré la ní, ọ̀rẹ́ mi sì ń sọ pé wọ́n ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ wọ́n.

Nọ́ọ̀sì yẹn pè mí lóṣù tó kọjá. Ó ní kí n gbọ́ ohun tí mátírọ́ọ̀nù fi ránṣẹ́ sí òun, ó sì gbé fóònù kejì sún mọ́ ti etí rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè bàbá wọn, ó béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ ní Iléṣà. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ló wá sọ pé, "Ọ̀rọ̀ tó o sọ yẹn, ó ṣe èmi náà rí. Pè mí lálẹ́ Sátidé."

Ìṣẹ́jú kan ni ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ kí voice note mọ. Mo ní kó jẹ́ kó gùn bó bá ṣe wù wọ́n.