Ìwé tí a fi ohun tó ṣẹ́ kù rán: “pàǹtí” kọ́ ló yẹ ká máa pè é

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ẹ kú ìjíròrò.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa dé: olùkọ́ wa kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá lédè ní gbogbo Sátidé ní Lọ́ńdọ̀nù ló béèrè orúkọ tí òun yóò máa pe junk journal. Òun àti àwọn ọmọ náà ti ń ṣe é. Wọ́n ń kó ẹ́ńfílọ́ọ̀pù tí lẹ́tà ti jáde nínú rẹ̀, páálí kọnfúléèkì, àgékù àńkárá àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń rán an pọ̀ di ìwé, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú rẹ̀. Orúkọ tí wọn yóò kọ síwájú rẹ̀ ló kù. Ìdáhùn mẹ́rin ló ti wọlé: “ìwé pàǹtí”, “ìwé àlòkù”, “ìwé àrokò”, àti ti ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká kúkú fi í sílẹ̀ ní “jọ́ńkì jọ́nà”. Mo ka gbogbo rẹ̀. Mo sì jókòó ṣe ìwé náà fúnra mi kí n tó fèsì, nítorí n kò fẹ́ máa sọ nǹkan tí ọwọ́ mi kò kàn rí lórúkọ.

Pàǹtí kọ́ rárá. Ohun tí ìgbálẹ̀ gbá, tó ń lọ sí ààtàn, ni pàǹtí. Bí mo bá tọ ìyá àgbà kan lọ pé, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé ìpè ìgbéyàwó yín, mo fẹ́ fi sínú ìwé pàǹtí mi,” ẹ mọ ojú tí wọ́n á fi wò mí. Ẹni tó mú un wá wo junk, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí pàǹtí lónìí, ló fi gbé e, kò sì ṣàìdáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún gan-an kò bẹ̀rẹ̀ lórí ààtàn. Ẹnu àwọn atukọ̀ òkun ló ti wá. Okùn ọkọ̀ tó ti gbó ni wọ́n ń pè ní junk. Wọn kì í jù ú sómi. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi òmíràn hun ẹní, wọ́n á tú òmíràn sí fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n á fi dí àárín pákó ọkọ̀ kí omi má bàa wọlé. Okùn tó ti gbó ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ rì! Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà bà jẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Bí a bá wá ní ká túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, àgékù okùn ló yẹ kó wá sí wa lọ́kàn, kì í ṣe pàǹtí.

Ìwé àlòkù sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ìdílé ọ̀rọ̀ tó ti jáde: oúnjẹ tí a jẹ tó ṣẹ́ kù ni àjẹkù, aṣọ tí a gé tó ṣẹ́ kù ni àgékù, igi tí iná jó tó ṣẹ́ kù ni àjókù, ohun tí a lò tó ṣì kù ni àlòkù. “Kù” tó wà ní ìdí gbogbo wọn kì í ṣe èébú. Ó ń sọ pé nǹkan ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó kàn bà á jẹ́ ni pé orúkọ náà ti ní ẹni tó ni ín. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tàwé lẹ́bàá ọ̀nà n'Íbàdàn, kí ẹ ní ìwé àlòkù lẹ wá rà. Ìwé kíkà tí ẹlòmíì ti lò ni wọ́n á gbé fún yín. Ìwé àjákù náà kò ṣe é lò, ìwé tó ti fàya nìyẹn. Ìwé àṣẹ́kù ńkọ́? Owó tí ẹnì kan kò tíì san tán ni ẹni tó bá gbọ́ ọ máa rò.

Ọ̀rọ̀ tí èmi kọ́kọ́ fẹ́ mú wá ni àkísà. Ẹ gbà mí láyè kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí ó dùn mí láti fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nínú òwe yìí, àkísà ni ẹ̀rí pé èèyàn ti pẹ́ láyé. Aṣọ tuntun, owó lè rà á lóòjọ́. Àkísà, ọdún ló ń ṣe é. Ẹ tún wo ẹ̀kú egúngún: ní ọ̀pọ̀ ilé, aṣọ lé aṣọ ni, ọdún dé wọ́n fi òmíràn kún un, ti àwọn tó ti kọjá lọ wà lábẹ́ ti òní. Mo rò pé mo ti rí i. Àmọ́ àkísà ní ojú kejì. A ń sọ àbíkú ní Àkísàátán, ìyẹn ni pé àkísà tí à bá fi dì í lọ sin ti tán, kó yáa dúró sọ́dọ̀ wa. Ìyá tó ń ṣe ìwé ìrántí fún ọmọ tuntun, ṣé yóò kọ àkísà síwájú rẹ̀? Kò ní kọ ọ́, kò sì yẹ ká ní kó kọ ọ́. Aṣọ nìkan ló sì ń di àkísà. Tíkẹ́ẹ̀tì kì í di àkísà.

Àrokò dùn létí, mo sì mọ ohun tí àbúrò wa tó dábàá rẹ̀ ń rò. Láyé àtijọ́, ẹni tí kò lè wá fúnra rẹ̀ a máa fi nǹkan ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà mọ́ ọ, nítorí ẹ̀fà àti fà jọ dún. Òótọ́ ni pé ìwé yìí náà ń fi nǹkan sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àrokò ní ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, àwọn méjèèjì sì ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo lẹ̀ sínú ìwé tèmi, èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì sí i, bẹ́ẹ̀ bí a bá yọ àmì kúrò lórí àrokò àti àròkọ, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọmọ tó bá rí “iwe aroko” á rò pé iṣẹ́ àmúrelé ni.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi lórí jọ́ńkì jọ́nà. Mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Páálí, fóònù, tíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ló wà nínú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n jọ́nà ti ń bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ní yunifásítì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde. Ní ilẹ̀ Faransé tó sì ti wá, ọjọ́ ni jour, ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ ni journal. Ìwé tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Oṣù méjì lè kọjá kí n má ṣí tèmi. Nígbà tí rédíò dé, àwọn kan pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, a ní ayélujára. Kò sí èyí tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú méjèèjì. Ohun tí nǹkan náà ń ṣe ni wọ́n wò.

Kí ni ìwé yìí ń ṣe, nígbà náà? Ẹnì kan kọ̀wé pé kì í ṣe nǹkan tuntun, pé scrapbook ni. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Scrapbook, ìwé òfìfo ló máa ń wà nílẹ̀ kí a tó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Mark Twain, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tilẹ̀ gbàwé àṣẹ pé òun ló ṣẹ̀dá irú rẹ̀ kan ní ọdún 1873, èyí tí àtè ti wà lójú ewé rẹ̀ kí èèyàn tó rà á. Ti wa yìí, kò sí ìwé kankan nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù gan-an ló di ewé, òun ló di èèpo ẹ̀yìn, òun náà ló di àpò tí a ń ki nǹkan bọ̀.

Ẹrù ìyá mi ni mo fi ṣe tèmi. Ọdún tó kọjá la sin wọ́n. Nínú àpótí wọn, mo bá káàdì àjọ mọ́kànlá tí wọ́n fi rọ́bà dì, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tí wọ́n kọ iye èlùbọ́ sí, àti àgékù aṣọ ẹbí méje. Mo ká àwọn ìwé náà sí méjì ní mẹ́rin mẹ́rin. Mo fi abẹ́rẹ́ ńlá tí àwọn oníbàtà ń lò lu ihò mẹ́ta sí ojú ibi tí mo ti ká a: ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Òwú bẹ̀rẹ̀ láti inú, ó gba àárín jáde, ó gba òkè wọlé, ó fo àárín kọjá, ó gba ìsàlẹ̀ jáde, ó tún gba àárín wọlé, mo sì so ó. Mo po ẹ̀kọ kó ki dáadáa, mo fi lẹ àńkárá mọ́ páálí fún èèpo ẹ̀yìn. (Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ pẹ́, kó lo gọ́ọ̀mù. Aáyán fẹ́ràn ẹ̀kọ.)

Ojú ewé kẹta ni mo ṣe àpò sí fún àwọn káàdì àjọ. Ẹ̀yin náà mọ káàdì yẹn, tó ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí alájọ ń sàmì sí lójoojúmọ́. Oṣù kan wà tí àmì dúró ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ìyókù ṣófo. Èmi rò pé owó ni kò sí. Àbúrò mi obìnrin gbà á lọ́wọ́ mi, ó wo oṣù, ó wo ọdún, ó ní, “Ìgbà tí wọ́n bí mi nìyí.” Ọjọ́ tí ìyá wa kò lè lọ sọ́jà ni ojú tó ṣófo yẹn.

Aránṣọ tó wà nítòsí wa rí ìwé náà lórí tábìlì nígbà tó wá wọn aṣọ fún àbúrò mi. Ó ṣí i wò títí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun náà ti ṣe tirẹ̀, ó sì fi tirẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun: àgékù aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, iye àyà, ìdí àti gígùn ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé owó tí oníbàárà san sílẹ̀ sì wà nínú àpò ẹ́ńfílọ́ọ̀pù lẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà tó bá padà wá pé aṣọ òun ya, kò tún sí pé a ń wá irú aṣọ náà kiri. Mo bi í léèrè ohun tó ń pe ìwé yìí. Kò tilẹ̀ rò ó. Ó ní, “Ṣebí ẹ kàn ṣà wọ́n jọ ni, tó wá di ìwé.”

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ o: ṣà wọ́n jọ. Ìwé àṣàjọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe náà dáadáa. A ń ṣa ẹ̀wà. A ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. (Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń di àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín rú, ẹ wò ó nínú “ṣà á”.) Ojú ló ń ṣà, ìka ló ń ṣà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbálẹ̀ kì í ṣà. Ìgbálẹ̀ ń gbá ni, ohun tó bá sì gbá ni pàǹtí. Ìyàtọ̀ tí mo ti ń wá láti òkè nìyẹn: ohun kan náà lè wà nílẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, àgékù kan náà, bí a bá gbá a, ó di pàǹtí, bí a bá ṣà á, ó di ti ẹni tó ṣà á. “Jọ” wá kó wọn sójú kan. Inú ìdílé àṣàyàn ni ó wà, àwọn kan sì gbà pé inú “ṣà” yìí náà ni “àṣà” ti jáde, nítorí ohun tí àwọn kan ṣà tí wọ́n sì dì mú ni àṣà wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, kí ló dé tí kì í ṣe ìwé àkójọ? Nítorí pé kó ni ìyẹn. Èèyàn lè kó gbogbo ẹrù láìwo ọ̀kankan. Àkójọ sì ti lọ sọ́dọ̀ àwọn akéwì, àkójọ ewì wà ní gbogbo ibi ìtàwé. Ìwé ìrántí ńkọ́? Ó dára, ó tilẹ̀ wà nínú Bíbélì, nínú Málákì, ṣùgbọ́n kò gba ti aránṣọ yẹn mọ́ra. Ìwé àṣàjọ gba gbogbo rẹ̀: ti oríkì tí ẹ gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà, ti ewé tí ẹ sá gbẹ tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́, ti orúkọ tí bàbá àti ìyá ọkọ sọ ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ pẹ̀lú àgékù léèsì tí ìyá ọmọ wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má fi àmì rẹ̀ ṣeré. Àṣàjọ, ohùn ìsàlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ni ìwé. Aṣàjọ, ohùn àárín, ni ẹni tó ń ṣà á jọ. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì ti kọ́ nǹkan kan nípa bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ orúkọ lédè wa kó tó ṣí ewé àkọ́kọ́.

Olùkọ́ wa, tó bá di Sátidé, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí ẹrù tó ti ilé wá, èyí tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú ẹrù sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sójú ewé kìíní, kí wọ́n kọ ẹ̀gúsí, irú, èlùbọ́ sí abẹ́ rẹ̀, ohun yòówù tó bá bá ẹrù náà wá. Kí wọ́n wá kọ ọ́ síwájú ìwé gàdàgbà: Ìwé Àṣàjọ, kí orúkọ ọmọ àti oríkì rẹ̀ tẹ̀ lé e.