Ṣé ẹni tí kò gbá géèmù Mario rí lè gbádùn fíìmù rẹ̀?

Ìyá Bọ́lá, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ mi fẹ́ kí n bá àwọn wo The Super Mario Bros. Movie tó jáde ní 2023, ṣùgbọ́n n kò gbá géèmù náà rí. Ṣé yóò yé mi, ṣé kò sì ní dẹ́rù ba àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 5?

Ọmọ Ṣágámù: Yóò yé yín, mà. Púlọ́ńbà ni Mario àti Luigi àbúrò rẹ̀ ní Brooklyn. Páìpù kan ló fà wọ́n lọ sí ayé mìíràn, níbi tí Luigi ti bọ́ sọ́wọ́ Bowser, ọba ìjàpá tí ń yọ iná lẹ́nu. (Ìjàpá tiwa kò níná, àrékérekè ló ní.) Ohun tó wù mí jù ni pé, nínú géèmù 1985, ọmọ ọba tí wọ́n jí gbé ni Mario ń wá, ṣùgbọ́n nínú fíìmù yìí, Peach, ọmọ ọba náà gan-an, ló ń ṣáájú ogun, òun ló sì ń kọ́ Mario ní fífò, tí ìyẹn ń ṣubú léraléra bí àwa agbágéèmù ti ń ṣubú.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́: Òótọ́ ni, àmọ́ ìtàn náà yára jù lójú tèmi. Bowser kì í bani lẹ́rù púpọ̀, nítorí ó ń jókòó ti dùùrù kọrin ìfẹ́ fún Peach. Ìràwọ̀ kékeré inú àhámọ́ rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi ń sọ̀rọ̀ ikú. Ẹ jókòó ti ọmọ náà níbẹ̀.

Ìyá Bọ́lá: Ẹ ṣeun, sà. Tí mo bá ti ọjà Òkè-Ajé dé ní Sátidé, tí iná sì wà, a ó wò ó.