Ọjọ́ kan pẹ̀lú ìyá tó ti dàgbà nínú Ìlú Àtijọ́ Jerúsálẹ́mù

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Mo ń mú ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún, lọ sí Jerúsálẹ́mù, ọjọ́ kan ṣoṣo ni a sì ní láti dá rìn nínú ìlú àtijọ́ tí odi yí ká. Ohun méjì ni wọ́n ń fẹ́: kí wọ́n fọwọ́ kan ibojì Olúwa, kí wọ́n sì gbàdúrà níbi Ògiri Ìwọ̀-Oòrùn, ibi àdúrà mímọ́ àwọn Júù. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Ẹnubodè wo ni kí a gbà wọlé?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Ìlú náà kò tóbi, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn àti òkúta tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ dán ló kún inú rẹ̀, nítorí náà kí Màmá wọ bàtà tí kì í yọ̀. Ẹnubodè Jáfà ni kí ẹ gbà ní kùtùkùtù, nítorí Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́ máa ń ṣí kí ilẹ̀ tó mọ́, bí ọkọ̀ àwọn arìnrìnàjò bá sì ti dé, ìlà tí ẹ óò tò síbi ibojì kì í ṣe kékeré. Ẹ kò ní tíì rìn jìnnà sínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ óò fi rí Òkúta Ìkunra nílẹ̀, èyí tí wọ́n ní orí rẹ̀ ni wọ́n ti kun òkú Jésù lóróró kí wọ́n tó sin ín. Níbẹ̀ ni mo ti rí obìnrin kan tí ó da òróró sójú òkúta, tí ó fi ìborí rẹ̀ nù ún títí aṣọ fi rin gbingbin, tí ó sì rọra ká a bọ àpò. Àtẹ̀gùn tó lọ sí Gọ́lígọ́tà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà dúró ṣánṣán. Bí orúnkún bá kọ̀, kí Màmá dúró nísàlẹ̀. Ilẹ̀kùn ibojì fúnra rẹ̀ kúrú, wọn yóò ní láti bẹ̀rẹ̀ wọlé.

Bàbá Àgbà Ìbàdàn:
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Ògiri. Ẹ padà sí Ẹnubodè Jáfà, kí ẹ wọ tákísì lọ sí Ẹnubodè Ààtàn, tí ó sún mọ́ Ògiri jù lọ. (Orúkọ yìí wà nínú ìwé Nehemáyà, ṣùgbọ́n odi tí ẹ óò rí lónìí, Sulaimọ́ọ̀nù ọba Ọ́tómánì ló mọ ọ́n láàárín 1537 sí 1541.) Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀ ni níwájú Ògiri, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọkùnrin kò sì ní lè di ìyá yín lọ́wọ́ mú débẹ̀.

Àlùfáà Ìlọrin:
Bí agbára bá kù, ẹ béèrè àdúgbò àwọn ará Áfíríkà lẹ́bàá ẹnubodè Mọ́sálásí Al-Aqsa tí wọ́n ń pè ní Bab al-Majlis. Àwọn tí ó wá láti Nàìjíríà, Chad, Senegal àti Sudan fún ìrìnàjò ẹ̀sìn, tí wọn kò padà sílé mọ́, ni baba ńlá ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀yin tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò ní lè gba ẹnubodè yẹn wọ ọgbà mọ́sálásí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò ní kí ẹ má kí ará ilé. Ìdílé Mùsùlùmí kan ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń lọ yẹn wà lọ́wọ́ wọn láti ìrandíran.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀ yẹn kò sí lọ́kàn mi rárá. Àbúrò ìyá mi obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ tí a jọ ń lọ. Màá bẹ̀ wọ́n lónìí kí wọ́n bá wa lọ, kí wọ́n lè di Màmá mú dé ìdí Ògiri.