Ajá ọdẹ mi kò lè fojú kan ewúrẹ́ kó dákẹ́
Ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin tó ń sin ajá, ẹ gbà mí o. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo wà. Ajá ọdẹ mi kò tíì pé ọdún kan. Nínú igbó, bí mo bá súfèé, ó ti dé. Ilé ni ìyọnu wà: bí ewúrẹ́ bá ti kọjá lẹ́nu géètì, á máa gbó, á máa gbọ̀n, á fi èékánná ha ilẹ̀kùn títí ọ̀dà á fi bó. Mo so ó mọ́lẹ̀, ó tún burú sí i. Mo fi ẹja gbígbẹ tàn án, kò tiẹ̀ wò ó. Ìyá onílé ní kí n tà á. N kò fẹ́ nà án, kó má baà di ojo. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọ kó fi ẹran ilé sílẹ̀, síbẹ̀ kó ṣì máa lé òkété àti ọ̀yà?