Asẹ́ kọ́ ni sẹ́ńsọ̀ èéfín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Nínú ìjíròrò wa lórí orúkọ Yorùbá fún ẹ̀yà ọkọ̀, orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún sẹ́ńsọ̀ ara páìpù èéfín, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń mú kí iná ẹ́ńjìnnì tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹnì kan ní ká pè é ní asẹ́-èéfín, ẹlòmíì ní ẹ̀rọ ìmọ̀lára, ẹ̀gbọ́n kan sì ní ká fi í sílẹ̀ báwọn mẹkáníìkì ṣe ń pè é. Asẹ́-èéfín ni n kò lè gbà rárá, torí pé ó lè ná onímọ́tò lówó.

Sẹ́ńsọ̀ yìí kò sẹ́ ohunkóhun. Ó ń wo ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín, ó sì ń ròyìn fún bíréènì ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá pọ̀ jù, ìròyìn rẹ̀ á súnmọ́ fólítì 0.9, bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.1. Bíréènì á wá bu epo kún un tàbí kó dín in kù, kí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ lè jẹ́ 14.7 sí epo 1. Bí alásè ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ kù nìyẹn. Mo dábàá atọ́èéfínwò. "Tọ́ wò" kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ka Sáàmù 34, bí a bá sì fẹ́ gé e kúrú, atọ́wò ti tó. Ní ti ìmọ̀lára, ọ̀rọ̀ ọkàn ènìyàn ni. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún un.

Ẹ wá wo ibi tí asẹ́ ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, atọ́wò kan wà níwájú kátálíìsì (ohun ara páìpù tó ń dín oró èéfín kù), òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti iwájú gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò. Ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Bí ti ẹ̀yìn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò bíi ti iwájú, kátálíìsì ti kú, tàbí ẹnì kan ti gé e tà nítorí pàlátínọ́ọ̀mù inú rẹ̀, ó sì jó páìpù lásán síbẹ̀. Bíréènì á kọ P0420, kóòdù tó ń sọ pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Onímọ́tò tó gbọ́ "asẹ́" á rò pé ìdọ̀tí ló dí i, á ra tuntun, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni atọ́wò náà ń sọ. Rìwáyà (oníná ọkọ̀) á síkáànù, á pa kóòdù rẹ́, iná á kú. Nígbà tí bíréènì bá tún rí àṣìṣe kan náà nínú ìrìn méjì tó tẹ̀ léra, iná á padà. P0135 ló yàtọ̀: ìyẹn ń sọ pé ohun tó ń mú atọ́wò fúnra rẹ̀ gbóná kò ṣiṣẹ́, kò sì lè ròyìn dáadáa bí kò bá gbóná tó 300°C.

Kátálíìsì fúnra rẹ̀ kì í sẹ́ èéfín. Ó ń sọ gáàsì olóró di èyí tí oró rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Asọ-èéfín-dẹ̀rọ̀ ni mo rí fún un. Bó bá gùn jù lójú yín, ẹ gbé kúkúrú wá.

Iná ìkìlọ̀ tí ẹnì kan dábàá fún iná ẹ́ńjìnnì dára, n kò ní àríyànjiyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya èyí tó dúró sójú kan sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń ṣẹ́jú. Èyí tó ń ṣẹ́jú ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kò jó epo dáadáa, ó sì lè ba kátálíìsì jẹ́ kíákíá.

Ó ku ọ̀rọ̀ àdàlù epo àti afẹ́fẹ́. Ẹnì kan kọ "àdàlù olówó" fún èyí tí epo rẹ̀ pọ̀, torí pé "rich" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí owó níbẹ̀. Àdàlù tó ki fún èyí tí epo rẹ̀ pọ̀ àti àdàlù tó ṣàn fún èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ ni mo rò pé ó yẹ: èyí tó ki ń mú èéfín dúdú jáde, ó sì ń fi èédú bo plọ́ọ̀gì.