Mo fẹ́ ní ìkànnì ti ara mi fún iṣẹ́ orin mi ní Ilé-Ifẹ̀: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Olórin Ìlódè:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Akọrin ni mí, Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Orin Yorùbá ni mò ń kọ pẹ̀lú gìtá, dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. N kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kankan. Èmi ni mò ń san owó sítúdíò, èmi náà ni mo sì ń gbé orin mi sórí Audiomack, YouTube àti Facebook. Òde ìnáwó ni owó ti ń wọlé fún mi jù: ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìkómọjáde, àti àwọn ètò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ máa ń ṣe.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ gbé mi lọ sóde, tó sì ní kí n fi iṣẹ́ mi hàn òun, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo máa ń ní kó lọ wò, kò sì sí èyí tó lè fún un ní odidi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyí tí mo fi ń wá ojú kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ tèmi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe ìkànnì ti gbà láti bá mi ṣe é, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ òun ni òun yóò fi ra orúkọ ìkànnì náà, pé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ òun, kí n kàn máa sanwó fún òun lọ́dọọdún. Apá ibẹ̀ yẹn kò bá mi lára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Kí ló yẹ kó wà lórí ìkànnì olórin tí kò lówó púpọ̀? Ṣé mo lè ta orin níbẹ̀ ní náírà? Báwo ni mo sì ṣe lè máa tọ́jú rẹ̀ tí kò fi ní di ahoro?

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà Lágéré:
Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin wa. Ohun tí kò bá yín lára mu yẹn, ẹ má gbà á rárá, kódà bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọ ìyá yín. Nǹkan mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń pa pọ̀ tí wọ́n sì ń pè ní ìkànnì: orúkọ rẹ̀, ààyè tó ń gbé lórí kọ̀ǹpútà tí wọn kì í pa tọ̀sán-tòru, àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó tò ó. Ẹ lè pààrọ̀ oníṣẹ́, ẹ sì lè kó ẹrù yín kúrò ní ààyè kan lọ sí òmíràn, kí àwọn tó ń gbọ́ orin yín má tilẹ̀ mọ̀. Orúkọ nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórúkọ nígbà tí wọ́n rà á ni òfin mọ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá ṣí lọ sí ìlú òkèèrè tí kò gbé fóònù mọ́, ẹ̀yin ni ẹ óò máa wá orúkọ tuntun kiri nígbà tí àtijọ́ ti wà lára báńà, káàdì àti páálí àwo orin yín.

Ẹ fi orúkọ ara yín àti ímeèlì tí ẹ̀yin nìkan ń ṣí rà á. Àjọ NiRA ló ń ṣàkóso gbogbo orúkọ tó bá parí sí .ng, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà tí àjọ náà fún láṣẹ ni a ti ń rà á. Èyí tó parí sí .com.ng sábà máa ń dínwó ju .ng lásán lọ. Owó orúkọ tó parí sí .com máa ń gòkè bí dọ́là bá ti gòkè, nítorí náà ẹ ronú sí i kí ẹ tó yàn án. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á tán, ẹ lè wá fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà láyè láti wọlé ṣiṣẹ́, kí ẹ sì gba kọ́kọ́rọ́ padà nígbà tó bá parí. Bó bá jẹ́ pé ó ti rà á kí ẹ tó ka èyí, ẹ ní kó fún yín ní kóòdù ìṣípòpadà rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé orúkọ .com tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sábà máa ń wà ní títì pa fún 60 ọjọ́ kó tó ṣeé gbé kúrò lọ́dọ̀ alágbàtà kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn.

Bàbá Onígìtá Iléṣà:
Ọmọ mi, èmi ò rí ìdí tí ẹ fi ní láti máa san owó orúkọ lọ́dọọdún. Níbi ní Iléṣà, àwọn tó ń gbé wa lọ sóde kì í lọ wo ìkànnì. Wọ́n rí wa lóde ẹlòmíràn, wọ́n gba nọ́ńbà, wọ́n pè wá. Facebook ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Owó tí ẹ fẹ́ ná sí èyí, ẹ fi tún gìtá yín ṣe, kí ẹ sì fi san owó ọkọ̀ àwọn onílù wá síbi ìdánrawò.

Ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́:
Bàbá, ẹ kú àánú wa. Òótọ́ ni pé ojúkojú ni òde ti ń wá, kò sì sí ìkànnì tó lè gba ipò eré tó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ilé onílé. Ní ọdún 2019, Myspace, tó ti jẹ́ ojúkò àwọn olórin káàkiri ayé nígbà kan rí, jẹ́wọ́ pé àwọn orin tí wọ́n gbé síbẹ̀ láti ọdún 2003 títí di 2015 ti sọnù nígbà tí wọ́n ń kó wọn láti orí sáfà (kọ̀ǹpútà ìpamọ́) kan lọ sí òmíràn. Wọ́n ní ó ju mílíọ̀nù 50 orin lọ. Ọ̀pọ̀ olórin ni kò ní ẹ̀dà mìíràn nílé. Láti ọdún 2024 ni Spotify náà sì ti pinnu pé orin tí wọn kò bá tíì gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kò ní mú owó kankan wá fún ẹni tó kọ ọ́. Ẹ wo irú orin tí òfin yìí máa kọ́kọ́ bà: orin tí a kọ ní èdè wa, tí àwọn ènìyàn díẹ̀ fẹ́ràn gan-an. N kò sọ pé kí a kúrò níbẹ̀. Kí a máa ná ọjà wọn, kí a sì máa sùn sílé tiwa ni mò ń sọ.

Bàbá Onígìtá Iléṣà:
Ti orin tó sọnù yẹn dun mí. Mo gbọ́ o.

Olùkọ́ Orin, Ifẹ̀:
Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí tó kan ohun tó yẹ kó wà lórí rẹ̀, nítorí mo máa ń bá àwọn ètò yan olórin, mo sì mọ ohun tí ojú wa máa ń wá. Ojú fóònù ni a fi ń wò ó, iṣẹ́jú díẹ̀ ni a sì ń lò. Lókè pátápátá, kí n rí orúkọ yín, àwòrán kan tó mọ́lẹ̀ tó fi ẹ̀yin àti àwọn onílù yín hàn, orin kan tí mo lè tẹ̀ kó sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àti nọ́ńbà tí mo lè pè. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ ìtàn yín ní ìpínrọ̀ kan tí oníròyìn tàbí olóòtú ètò lè dà kọ bó ṣe wà. Ẹ kọ iye ènìyàn tí ẹ máa ń kó wá, bóyá ẹ ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tiyín wá, àti gbohùngbohùn mélòó tí àwọn onílù yín nílò. Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ iye tí ẹ ń gbà síta, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé ẹ ń gba àsansílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ṣe jù lọ ni ọ̀rọ̀ inú orin yín. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ tàmìtàmì, orin kan ní ojú ìwé kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó lu dùndún, ẹni tó gbe orin, sítúdíò tí ẹ ti ṣe é àti ọdún tó jáde. Àwọn onílù wa ti ṣiṣẹ́ tó pọ̀ nínú orin tí kò sí orúkọ wọn níbì kankan, ó sì ń dùn mí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ nípa orin yín lọ́la, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yan irú lẹ́tà tí ìkànnì yóò lò, ẹ ní kí oníṣẹ́ yín tẹ àwọn lẹ́tà bíi ẹ́, ọ̀ àti ṣ síbẹ̀, kí ẹ wò wọ́n lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Kò sí ààmì ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀ nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà. Ńṣe ni wọ́n ń to ohùn lé lẹ́tà lórí, lẹ́tà mìíràn sì máa ń jẹ́ kí ohùn náà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Irú lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Noto Sans gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá orin lórí Google kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ kọ àkọlé orin kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀kan sí i láìfi àmì sí i nísàlẹ̀ ojú ìwé rẹ̀.

Alátùntà Àwo, Atákúmọ́sà:
Ní ti títà, Paystack àti Flutterwave máa ń jẹ́ kí ènìyàn ṣí ojú ìwé ìsanwó tí a lè so mọ́ ìkànnì láìkọ kóòdù kankan, owó náà á sì wọ àkáǹtì báǹkì yín ní náírà. Ẹ fi àwo orin àti aṣọ tí orúkọ yín wà lára rẹ̀ kún un, nítorí àwọn ènìyàn ń ra ohun tí wọ́n lè fọwọ́ bà.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà Lágéré:
Mo padà wá nítorí ìtọ́jú, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìkànnì olórin ń kú sí. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá fi WordPress, ètò kan tí a fi ń to ìkànnì, ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yin fúnra yín á sì lè máa yí ọ̀rọ̀ padà lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣe àtúnṣe rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá béèrè, nítorí ẹ̀yà àtijọ́ ni àwọn olè ń gbà wọlé. Ẹ ní kó má kó àfikún tí kò wúlò sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ kò ní ráyè fún ìyẹn, ojú ìwé lásán tí kò ní ẹ̀rọ kankan lẹ́yìn ni kí ẹ gbà. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tí olè máa rí tú níbẹ̀, ó sì ń yára ṣí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára. Èmi yóò yan èyí fún yín.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwúwo fáìlì orin náà dáadáa. Orin tí ẹ gbà jáde ní sítúdíò gẹ́gẹ́ bí WAV máa ń tó MB 10 fún ìṣẹ́jú kan. MP3 oní-128, ẹ̀yà tí wọ́n fún pọ̀ kó lè fúyẹ́, kò ju bíi MB 1 lọ fún ìṣẹ́jú kan náà. Orin oníṣẹ́jú mẹ́rin lè gba MB 40 lọ́nà kan, kó gba MB 4 lọ́nà kejì. Ẹ jẹ́ kí MP3 oní-128 tó fúyẹ́ yẹn wà lórí ìkànnì fún gbígbọ́, kí ẹni tó bá rà á gba MP3 oní-320, tí ohùn rẹ̀ dára jù. WAV gan-an, ẹ má fi sí orí ìkànnì nìkan: kí ẹ̀dà kan wà lórí kọ̀ǹpútà yín, òmíràn nínú ẹ̀rọ ìpamọ́ tí ẹ gbé sí ilé ẹlòmíràn, ẹ̀kẹta lórí ààyè ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti ìwé ẹ̀rí ààbò tó ń jẹ́ kí àdírẹ́sì ìkànnì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, Let's Encrypt ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn rí i dájú pé ó ń tún ara rẹ̀ ṣe, torí kì í pẹ́ parí.

Olórin Ìlódè:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ kò ní rí ohun tí yóò ba inú yín jẹ́. Mo ti sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé èmi ni n óò ra orúkọ, ó sì gbà láìjà. Ojú ìwé lásán ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ orin mẹ́rin àkọ́kọ́ ni mo sì ń kọ lọ́wọ́ báyìí pẹ̀lú orúkọ àwọn onílù mi. Ìbéèrè kan ló kù: bí mo bá gbàgbé láti san owó orúkọ náà, ṣé ojú ẹsẹ̀ ni ẹlòmíràn lè gbà á?

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà Lágéré:
Rárá, fún orúkọ .com, wọ́n sábà máa ń fún olówó rẹ̀ ní àsìkò díẹ̀ láti san án ní iye tó ń san tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni 30 ọjọ́ tí ẹ fi lè rà á padà, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ máa ń ga gan-an. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè rà á. Ẹ san ti ọdún mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí agbára bá gbé e, ọdún 10 ni òpin rẹ̀ fún .com. Bí ẹ bá sì ní kí báǹkì máa yọ owó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ rántí pààrọ̀ nọ́ńbà káàdì yín lọ́dọ̀ alágbàtà náà nígbà tí káàdì àtijọ́ bá ti kú.